Ọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Ọ̀yọ́, ẹ gba Ọjà Akẹ̀sán kọjá lọ sí Òwódé, ẹ ò ní ṣàì rí i: pátákó dúdú gbọọrọ lókè ẹnu ọ̀nà ilé òògùn tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí lẹ́tà pupa ń sáré kọjá lójú rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ní Under G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH kún fọ́fọ́, bákan náà ló rí. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀. Níbi tí Yorùbá bá sì ti yọjú, "E KAABO" lásán ni, kò sí àmì lókè, kò sí lábẹ́. Àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹni tó kọ ọ́, tàbí pé kò lọ sílé ìwé Yorùbá. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Àmọ́ bí ẹ bá sún mọ́ pátákó náà dáadáa, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀lẹ lọ.

Pánẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń tà á ń pè ní P10 ni wọ́n sábà máa ń tò pọ̀ láti fi ṣe irú pátákó bẹ́ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì kan gùn ní mìlímítà 320, ó ga ní 160. Iná wẹ́wẹ́ 32 ló tò sórí ìlà kan, ìlà náà sì jẹ́ 16, gbogbo rẹ̀ wá di iná 512. Láti iná kan dé èkejì jẹ́ mìlímítà 10, òun ni 10 tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Lórí pátákó aláwọ̀ kan, nǹkan méjì péré ni iná kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe: kó tàn tàbí kó kú. Lẹ́tà yòówù tó bá máa hàn níbẹ̀, inú ìlà 16 yẹn ló máa há ara rẹ̀ sí, láti orí àmì ohùn títí dé àmì abẹ́.

Lẹ́tà tí a bá fi irú ojú wẹ́wẹ́ báyìí yà ni à ń pè ní lẹ́tà onípíksẹ́lì, píksẹ́lì sì ni ojú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà inú ìwé ìròyìn tàbí ti fóònù ìgbàlódé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni tiwọn: kọ̀ǹpútà mọ bí ẹ̀yìn o ṣe tẹ̀ àti bí ẹsẹ̀ k ṣe dagun, ó lè fẹ̀ ẹ́ tó ilé tàbí kó sọ ọ́ di bíńtín. Ní ti onípíksẹ́lì, ẹni tó yà á ti bá gbogbo ojú náà ṣe ìpinnu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí dúdú, tọ̀hún funfun. Ẹni tó bá ti jókòó ti òfì rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ: òwú yìí gba orí èkejì tàbí kó gba abẹ́ rẹ̀, kò sí ọ̀nà kẹta, síbẹ̀ ọnà ń jáde lára aṣọ.

Àìní àyè ló bí irú lẹ́tà yìí. Ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kéré gan-an, ó sì wọ́n lówó. Wọ́n wá fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìlà 8, wọ́n fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ojú 8, torí pé báìtì kan ló gba ojú 8 gẹ́ẹ́. Báìtì 8 ni lẹ́tà kan wá ń jẹ. Ẹ sọ 8 di ọ̀nà 128, tó jẹ́ iye àyè inú tábìlì lẹ́tà ASCII tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1963, ẹ óò rí 1024, ìyẹn kìlóbáìtì kan péré fún odindi fọ́ǹtì, àkójọ lẹ́tà tí a yà ní irú kan náà. Irú lẹ́tà 8 sí 8 yìí ni Namco fi kọ iye àmì ayò sójú Pac-Man ní 1980, òun náà ló sì wà nínú kọ̀ǹpútà IBM tó jáde ní 1981. Nígbà tí Apple gbé Macintosh jáde ní 1984, obìnrin kan tó ń jẹ́ Susan Kare ló ya Chicago àti Geneva fún wọn, ojú kan lẹ́yìn èkejì. Àwa náà bá a pàdé nígbà tó yá: GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, Nokia 3310 sì kún ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ojú fóònù yẹn kò ju píksẹ́lì 84 ní ìbú àti 48 ní gíga. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ kà lórí rẹ̀, lẹ́tà onípíksẹ́lì ni.

Lóde òní, kò sí ohun tó ń fi dandan mú kọ̀ǹpútà láti lò ó mọ́, faájì ni. Press Start 2P, tí wọ́n yà látinú lẹ́tà ayò Namco, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi í ṣe ìwé ìpolówó, èèpo orin àti ayò orí fóònù. Ibi tó ti ṣì jẹ́ ọ̀ranyàn ni ibi tí kò sí ẹni tó ń pè é ní faájì: pátákó oníná àti ìwé pélébé tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ jáde. Láàárín ìgboro Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò lè rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó kan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní tiwa. Inú ìlà 8, lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì gba 7, ìlà kan ṣẹ́ kù tí kì í jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ó tó wọn. Ní tiwa, ẹ wo o kékeré tó ní àmì abẹ́ àti àmì mí. Ara lẹ́tà náà kò lè dín ní ìlà 5. E ló fa èyí, torí e ní òrùlé, ó ní igi ìdábùú láàárín, ó ní ìsàlẹ̀, àyè sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Gíga kan náà sì ni o gbọ́dọ̀ bá e ní. Àmì abẹ́ fẹ́ ìlà kan, ó tún fẹ́ òfìfo kan tí kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara lẹ́tà. Ó di 7. Àmì ohùn fẹ́ ìlà 2. Kò lè jẹ́ ẹyọ kan, torí ìlà kan ṣoṣo kò lè dagun sí ibì kankan, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá dò ni tàbí mí. Ẹ fi òfìfo kan kún un. Ó di 10. Bó ṣe máa rí nìyí:

□□□■□
□□■□□
□□□□□
□■■■□
■□□□■
■□□□■
■□□□■
□■■■□
□□□□□
□□■□□

Bí ẹ̀rọ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kò le rárá. Òpó márùn-ún ló wà, ẹ fún wọn ní iye láti òsì sí ọ̀tún: 16, 8, 4, 2, 1. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú, kí ẹ ro iye àwọn òpó tó dúdú níbẹ̀ pọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ní ojú dúdú kan, ó bọ́ sí òpó 2, nítorí náà 2 ni. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 4. Òfìfo jẹ́ 0. Òrùlé o jẹ́ 8 àti 4 àti 2, ìyẹn 14. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 16 àti 1, ìyẹn 17, ó sì wáyé lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀: 2, 4, 0, 14, 17, 17, 17, 14, 0, 4. Nọ́ńbà mẹ́wàá yìí ni ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí mí di dò, ẹ sọ 2 àkọ́kọ́ di 8, ẹ má fọwọ́ kan ìyókù. Ohun tó ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn ìsàlẹ̀ lójú ẹ̀rọ kò ju ojú kan tó ṣí kúrò láyè rẹ̀ lọ.

Lẹ́tà ńlá tún wá. Ara Ọ̀ gba ìlà 7, àmì dò àti òfìfo rẹ̀ gba 3 lókè, àmì abẹ́ àti òfìfo rẹ̀ gba 2 nísàlẹ̀. Ó di 12. Kò sí lẹ́tà kankan nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa tó ga ju èyí lọ. Igi b àti k kò kọjá orí lẹ́tà ńlá, ìrù g, p àti y sì ń lo ìlà 2 kan náà tí àmì abẹ́ ń lò, kò sẹ́ni tó ń du àyè mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti fi ìlà 12 lélẹ̀, gbogbo ilé ló ti rí yàrá.

Èyí ni mo ṣe ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya irú fọ́ǹtì yìí fún Yorùbá pé kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí A. Àwọn tó kọ́ni ní iṣẹ́ yìí nílẹ̀ òyìnbó á ní kí ẹ kọ́kọ́ ya H àti n, kí ẹ ti ibẹ̀ mọ gíga gbogbo lẹ́tà. Ìmọ̀ràn gidi ni fún wọn. Fún wa, Ọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹni tó bá ti ya A, B, D tán kó tó rántí pé àmì ń bọ̀, àyè ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, yóò wá máa tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ kí àmì lè rí ibi jókòó sí. Ẹ wo É nínú púpọ̀ nínú fọ́ǹtì ayò àtijọ́: wọ́n gé ẹsẹ̀ E kí àmì orí rẹ̀ lè wọlé, ó wá dà bí ọmọdé láàárín àwọn àgbà. Faransé lè fara da ìyẹn, torí àmì kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára lẹ́tà ńlá wọn. Tiwa ò ṣeé fara dà, torí nínú gbólóhùn wa, lẹ́tà tó ní àmì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju èyí tí kò ní lọ.

Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi dán fọ́ǹtì yín wò, orúkọ ìlú méjèèjì yìí tó. Ọ̀yọ́ ní Ọ̀ tó lo ìlà 12 pátá, y tó na ìrù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì abẹ́, àti ọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìyókù: lẹ́tà ńlá tó ní àmì ohùn láìní àmì abẹ́, ìrù g, igi b, ó lásán, m tó fẹ̀, àti ṣ láàárín ọ̀ àti ọ́. Fọ́ǹtì tó bá lè gbé méjèèjì láìjẹ́ kí nǹkan kan lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ìṣòro rẹ̀ ti tán. Ó kù sí kékeré: í àti ì, tí ẹ gbọ́dọ̀ yọ ojú orí i kúrò kí àmì ohùn tó jókòó síbẹ̀, àti ń àti ǹ.

Nǹkan kan tún wà nípa ìbú. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tó ń gba àmì abẹ́ ní òpó tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, 5 tàbí 7. Òpó 5 ní àárín gidi, ojú kan yóò jókòó sí abẹ́ rẹ̀ rekete. Òpó 6 kò ní àárín. Àmì abẹ́ á yà sí òsì tàbí sí ọ̀tún, ojú Yorùbá á sì rí i ní kíá pé nǹkan wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ 6 dandan, ẹ sọ àmì abẹ́ di ojú 2.

Ẹ ó wá bi mí pé: bí ẹ̀rọ bá kọ̀ jálẹ̀ pé ìlà 8 lòun ní ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà kan ni láti jọ̀wọ́ òfìfo abẹ́, kí ojú kan lẹ̀ tààrà mọ́ ìdí o. Kì í ṣe ohun àjèjì, torí àwọn kan wà tí igi kékeré ni wọ́n ń fà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì rogodo, àwọn tó ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ torí ìlà kì í bo igi mọ́lẹ̀. Àmì ohùn lè di ìlà 1 bí ẹ bá ti ojú méjì sí apá òsì orí lẹ́tà fún dò, sí apá ọ̀tún fún mí. Ó ṣeé kà tí ojú bá ti mọ́ ọn lára. Ẹni tí kò bá mọ̀, yóò kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni.

Ibi tí ìlà 8 ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ojú kékeré aláwọ̀ ewé tàbí búlúù tí wọ́n ń kọ ìlà 2 sí, lẹ́tà 16 lórí ìlà kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó: kò wọ́n, ó rọrùn láti so mọ́ bọ́ọ̀dù, òun ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ àṣeparí ní irú ilé ẹ̀kọ́ bíi LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990. Ọpọlọ tó ń darí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni HD44780 tí Hitachi ṣe ní Japan, tàbí èyí tí àwọn mìíràn wò ṣe. Òpó 5, ìlà 8 ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Inú irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Japan ló kún ibẹ̀. Àyè tó ṣẹ́ kù fún ẹni tó bá fẹ́ ya tirẹ̀ jẹ́ 8.

Mélòó la nílò? Ẹ ka lẹ́tà kékeré nìkan: á, à, é, è, ẹ, ẹ́, ẹ̀, í, ì, ó, ò, ọ, ọ́, ọ̀, ú, ù, ṣ, ń, ǹ. Ó jẹ́ 19, àyè sì jẹ́ 8. Ó dà bíi pé ọ̀nà ti dí, àmọ́ kò dí tán. Ẹ̀rọ náà ò ní kí ẹ fi mọ́kàndínlógún síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà lójú lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ló nílò. Ẹ kọ Ọ̀yọ́ sí ìlà kìíní àti Ògbómọ̀ṣọ́ sí ìlà kejì: Ọ̀, ọ́, Ò, ó, ọ̀, ṣ. Ẹyọ mẹ́fà ni, torí méjèèjì jọ ń lo ọ́. Ó tún ku méjì. Ètò kékeré kan tó ń wo ọ̀rọ̀ tó kàn, tó ń yọ lẹ́tà tí kò sí lójú mọ́ kúrò, tó sì ń ya èyí tó ń bọ̀ sí àyè rẹ̀, lè fi ojú kékeré yẹn kọ Yorùbá tó péye títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí lẹ́tà alámì tó wà lójú lẹ́ẹ̀kan kò bá ti ju 8 lọ. Iṣẹ́ àṣeparí tó dáa nìyẹn fún ẹni tó bá ń wá ohun tó máa ṣe, ó sàn ju aago ìtanijí ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá lọ.

Ó wá ku ibi tí àyè ti pọ̀ yanturu tí wọn ò sì fi wá sí i. Ẹ mú ìwé pélébé tí alágbàtà POS fún yín. Ìwé tó fẹ̀ ní mìlímítà 58, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ojú 384 lórí ìlà kan. Lẹ́tà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jẹ́ òpó 12 sí ìlà 24, lẹ́tà 32 sì ń wọ ìlà kan. Ìlà 24! Ìlọ́po méjì ohun tí Ọ̀ nílò. Síbẹ̀, ẹ ní kó kọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó wá yọ àmì ìbéèrè fún yín. Tábìlì lẹ́tà tí púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí IBM ṣe ní 1981 tó ń jẹ́ 437. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú wà níbẹ̀ pátá, torí Ítálì, Faransé àti Sípéènì ń lò wọ́n. Kò sí Ò ńlá, kò sì sí ẹ, ọ àti ṣ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé àmì ohùn ló ń fa ìyọnu lórí ẹ̀rọ, kò tíì wo inú tábìlì náà. Àmì abẹ́ ni wọ́n gbàgbé.

Fóònù náà ń ṣe é. Tábìlì lẹ́tà GSM ní à, è, é, ì, ò àti ù, kò ní á, í, ó, ú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọ̀kankan nínú àwọn tó ní àmì abẹ́. Bí gbogbo lẹ́tà inú àtẹ̀jíṣẹ́ bá wà nínú tábìlì yẹn, 160 ni yóò wọlé. Ẹ tẹ lẹ́tà ẹ kan ṣoṣo sí i, fóònù á kó gbogbo ọ̀rọ̀ lọ sínú tábìlì ńlá, àyè á sì já sí 70. Ìṣirò rẹ̀ kò yí padà, bíìtì 1120 ni méjèèjì: 160 ní ọ̀nà 7, 70 ní ọ̀nà 16. Àwọn tó ń sanwó àtẹ̀jíṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà mọ èyí dáadáa, ìdí nìyí tí ìkíni ọdún tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa fi máa ń wá ní ìhòòhò.

Wàhálà àmì abẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lórí iná. Nígbà tí míṣọ́nnárì Bowen dó sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ọwọ́ òjé ni lẹ́tà wà. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe, ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1858. Ilé ìtẹ̀wé tí kò bá ní òjé ẹ àti ọ nílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ dá a. Ẹni tó ń ya píksẹ́lì lónìí, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ lẹ́tà yẹn náà ló ń ṣe, kò kàn sí iná àti ìwúwo níbẹ̀ mọ́ ni.

Tábìlì ńlá tí mo dárúkọ ni Unicode, ẹ, ọ àti ṣ sì ti rí ilé tiwọn níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní ilé kan ṣoṣo: ẹ ni a ó kọ, a ó sì gbé àmì ohùn lé e lórí bí ohun ọ̀tọ̀. Níbí ni àwọn fọ́ǹtì onípíksẹ́lì ọ̀fẹ́ ti ń já wa kulẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn gba èdè Vietnam, ẹ ó sì rò pé ó ti bùṣe, torí ẹ àti ọ wà nínú ti Vietnam. Àmọ́ ohùn ni àmì abẹ́ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, lẹ́tà kan kò sì lè ru ohùn méjì. Fún ìdí èyí, ẹni tó ya fọ́ǹtì náà fún wọn kò ronú kan ẹ́ rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ya ṣ. Àmì mí yóò wá já bọ́ sórí ẹ níbikíbi tó bá rí, nígbà mìíràn láàárín ikùn rẹ̀. Kí ẹ tó gba fọ́ǹtì sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ìlú méjèèjì yẹn sínú àpótí ìdánwò rẹ̀. GNU Unifont, tí Roman Czyborra bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tí lẹ́tà rẹ̀ ga ní ìlà 16, ní gbogbo rẹ̀. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ya tirẹ̀ kò nílò owó. Ìwé gíráàfù àti lẹ́ẹ̀dì tó láti bẹ̀rẹ̀. Tó bá kan kọ̀ǹpútà, FontForge wà lọ́fẹ̀ẹ́, FontStruct sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2008, níbi tí ẹ ti ń to ojú kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to táìsì. Ẹ má fi ẹ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ á bá yín to àmì lé e. Ẹ fúnra yín ya ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti lẹ́tà ńlá wọn ní odindi, kí ẹ sì fi òfin rírọ́pò sínú fọ́ǹtì náà pé níbi tí lẹ́tà ẹ bá ti pàdé àmì mí, èyí ni kó gbé jáde.

Lílò rẹ̀ ní èèwọ̀ tirẹ̀. Fọ́ǹtì tí wọ́n yà sí ìlà 12, ní 12, 24 tàbí 36 ni kí ẹ lò ó. Ní 17, kọ̀ǹpútà á máa wá ìdajì ojú tí kò sí, á wá fi eérú kùn ún, lẹ́tà á sì rí bí ìgbà téèyàn ń fi ojú oorun wò ó. Ẹ pa ètò tó ń mú etí lẹ́tà dán. Ẹ fún ìlà àti ìlà ní àyè, torí àmì abẹ́ ti òkè á máa bọ́ sórí àmì ohùn ti ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ni ín. Fún àkọlé, orúkọ, èèpo orin, ojú ayò, ó dùn ún wò. Fún orin ìyìn ẹsẹ mẹ́fà, ẹ ṣàánú ojú àwọn àgbà.

Ó wá di orí pátákó P10. Ohun tí ọ̀pọ̀ ètò tó ń darí rẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń mú fọ́ǹtì onílà títẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, ó ń fún un wọ inú ìlà 16, ó sì ń fi tipá sọ gbogbo rẹ̀ di títàn tàbí kíkú. Àmì abẹ́ tó kéré ju ojú kan lọ á kú. Orí Ọ̀ tó bá yọ kọjá ìlà 16, wọ́n á gé e. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, àwòrán ni kí ẹ fi ránṣẹ́: púpọ̀ nínú àwọn ètò náà ló ń gba àwòrán, àwòrán kò sì bìkítà fún tábìlì lẹ́tà kankan. Ẹ so pánẹ́ẹ̀lì méjì pọ̀, ẹ ya àwòrán òpó 64 sí ìlà 16. Láti òdìkejì títì, ojú kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà kò ní hàn dáadáa, ẹ jẹ́ kí àmì abẹ́ jẹ́ ojú 2 ní gíga àti 2 ní ìbú. Láti òkè wá sílẹ̀, àmì ohùn gba ìlà 3, òfìfo 1, ara lẹ́tà ńlá 9, òfìfo 1, àmì abẹ́ 2. Ó pé 16. Nítorí àmì abẹ́ ti di ojú 2, ẹ fún lẹ́tà ní òpó 6 pẹ̀lú òfìfo 1 láàárín, kí ẹ sì fún m ní 8. Ògbómọ̀ṣọ́ á jẹ òpó 57, ó ku 7 tí ẹ lè pín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀yọ́ ò tilẹ̀ nílò pánẹ́ẹ̀lì kejì: òpó 20 ni.